Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ilé-Ẹ̀kọ́ Central ní Little Rock àti Ilẹ̀kùn Iwájú Rẹ̀

Ní oṣù tó kọjá, a tẹ àwòrán ilé-ẹ̀kọ́ kan sí ẹ̀yìn ìwé ìròyìn yìí, a sì kọ ìlà kan péré sábẹ́ rẹ̀ pé Central High School ni, ní ìlú Little Rock, ìpínlẹ̀ Arkansas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn òǹkàwé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀. Ìbéèrè tó wọlé pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jinlẹ̀ ju ohun tí ìlà kan lè gbé lọ, nítorí náà ni mo ṣe ya gbogbo abala yìí sọ́tọ̀ fún márùn-ún nínú wọn.

Ìbéèrè kìíní: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti di bàbá àgbà báyìí. Nígbà tí mo rí àwòrán náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni mo kọ́kọ́ pè é, àfi ìgbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ girama ìjọba ni, tí ọmọ ẹnikẹ́ni lè lọ? Ta ló kọ́ ọ, ìgbà wo ni wọ́n kọ́ ọ, kí sì ni wọ́n fi kọ́ ọ? (Láti Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: Bàbá wa, a kí yín, a sì dúpẹ́ fún lẹ́tà yín. Òótọ́ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni, owó ìlú ni wọ́n fi kọ́ ọ, àwọn ọmọ ìlú ni wọ́n sì sọ pé àwọn kọ́ ọ fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ óò rí i níwájú pé ní ọdún tí wọ́n ṣí i, kì í ṣe gbogbo ọmọ tí wọ́n bí sí ìlú náà ni wọ́n kà kún ọmọ ìlú.

Olú-ìlú Arkansas ni Little Rock. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lábẹ́ Olúmọ yóò fẹ́ gbọ́ ìtàn orúkọ rẹ̀: òkúta kan tó yọrí ní etí odò Arkansas, èyí tí àwọn ará Faransé tó ń tukọ̀ kọjá fi ń dá ibẹ̀ mọ̀, ni wọ́n fi pe ìlú náà ní Òkúta Kékeré. Láàárín ọdún 1920 sí 1927, èrò ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ girama tí wọ́n sì ń lò tẹ́lẹ̀ kò gba àwọn ọmọ mọ́. Ibi ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní West End Park, níbi tí àwọn ará ìlú ti máa ń gba atẹ́gùn, ni wọ́n yàn fún ilé tuntun náà. Wọ́n ṣí i ní ìparí ọdún 1927, Little Rock Senior High School ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè é. Ọdún 1953, nígbà tí wọ́n ń múra àtikọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama mìíràn sí apá ìwọ̀-oòrùn ìlú, ni wọ́n tó sọ ọ́ ní Central.

Ayàwòrán-ilé márùn-ún ni wọ́n pawọ́ pọ̀ ṣe é: John Parks Almand, George R. Mann, Eugene John Stern, George H. Wittenberg àti Lawson L. Delony. Mann tí mo dárúkọ yìí ti lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ nínú yíyàwòrán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Arkansas gan-an, nítorí náà, bàbá, ojú yín kò tàn yín jẹ rárá nígbà tí ẹ pè é ní ilé ìgbìmọ̀. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ dọ́là ni ilé náà ná ìlú. Wọ́n kọ́ ọ láti gba 3,000 akẹ́kọ̀ọ́, ìgbòòrò gbogbo ilẹ̀ inú rẹ̀ tó 150,000 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó, gígùn rẹ̀ sì tó ti ọ̀wọ́ ilé méjì láti títì dé títì ní ìgboro, débi pé ẹni tó bá dúró ní ojú títì tó fẹ́ wo orí dé ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí ọrùn. Nígbà tí wọ́n ṣí i, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ girama tó tóbi tó o ní gbogbo Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé sì pè é ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tó lẹ́wà jùlọ ní orílẹ̀-èdè náà.

Ní ti ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ: bíríkì aláwọ̀ iyanrìn ni ẹ ń rí lóde, ṣùgbọ́n egungun ilé náà wà nínú. Kọnkéré tó wọ̀n ju 16,000 tọ́ọ̀nù lọ ni wọ́n dà síbẹ̀, pẹ̀lú 370 tọ́ọ̀nù irin. Ìdí wà tí wọ́n fi náwó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1908, iná jó ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Collinwood, ìpínlẹ̀ Ohio, nínú ilé tí pákó pọ̀ nínú rẹ̀, 172 ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ló sì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni ìlú lọ́kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ti ń sá fún pákó nínú ilé-ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń mú irin àti kọnkéré tí iná kì í tètè ràn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ mọ bí ọkàn ṣe máa ń rí nígbà tí ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí ó sì jẹ́ pé ọwọ́ yín ni àwọn òbí fi wọ́n sí.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nínú àwòrán náà ni bí wọ́n ṣe pín ilé náà. Àárín rẹ̀ ló ga jù, inú rẹ̀ ni gbọ̀ngàn ńlá tó gba 2,000 ènìyàn wà. Láti ara àárín yìí ni apá mẹ́rin ti yọ jáde, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, wọ́n sì tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá na ọwọ́ méjèèjì láti gba àlejò. Inú àwọn apá yìí ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà. Ẹ̀wà nìkan kọ́ ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1927, kò sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú ilé-ẹ̀kọ́, ooru Arkansas sì ń mú; ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé láti kàwé ju iná mànàmáná lọ. Bí wọ́n bá kó gbogbo yàrá jọ sínú ilé kan tó rí gìrìwò bí àpótí, àwọn yàrá tó wà ní àárín gbùngbùn yóò ṣókùnkùn, wọn yóò sì móoru. Bí wọ́n bá nà án ní tẹ́ẹ́rẹ́, gbogbo yàrá ni yóò ní fèrèsé tirẹ̀. Ọgbọ́n kan náà ni àwọn tó kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ lọ́dọ̀ tiwa lò, àwọn ilé gbọọrọ olójúlé kan tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba iwájú wọn kọjá, tí atẹ́gùn ń wọlé láti iwájú tó ń gba ẹ̀yìn jáde.

Ìbéèrè kejì: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ẹ̀kọ́ ilé yíyà ni mò ń kọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé Gothic ni wọ́n ń pe irú ilé yìí, ṣùgbọ́n Gothic tí mo mọ̀, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni ká gbà? Mo sì tún rí ère mẹ́rin lókè ẹnu-ọ̀nà. Àwọn ta ni? (Láti Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, òótọ́ wà lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì. Gothic ni àṣà tí wọ́n fi kọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ilẹ̀ Yúróòpù láti ìgbà láéláé. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di nǹkan bí ọdún 1930, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà fẹ́ràn láti múra bí Oxford àti Cambridge ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn náà ti yá ìmúra wọn lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà láéláé. Wọ́n mú bí ògiri ṣe ń fa ojú sókè, wọ́n mú òpó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ilé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n sì fi ilé-ìjọsìn sílẹ̀. Bí o bá ti dúró rí níwájú Kátídírà Krístì ní Marina, l'Ékòó, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1924, o mọ ohun tí mo ń wí nípa ògiri tó ń fa ojú lọ sókè. Ṣùgbọ́n ti Little Rock kò dúró lórí Gothic nìkan. Ọdún 1927 ni, àṣà ilé yíyà tuntun ìgbà náà, tí wọ́n ń pè ní Art Deco, ti ń gbilẹ̀, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe gé etí òkè ilé náà ní gígún régé láìsí ọ̀ṣọ́ tó pọ̀ jù. Lójú tèmi, àdàpọ̀ yìí ló jẹ́ kí ilé náà ní ọlá láìdà bí ohun tí wọ́n dàkọ.

Ní ìgbà kan náà tí wọ́n ń kọ́ ọ ni wọ́n ń gbé Gbọ̀ngàn Mápó dìde lórí òkè nílùú tìrẹ, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929. Lọ dúró sí ìsàlẹ̀ Mápó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí o wo bí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe ń múni gbé orí sókè kí a tó dé ẹnu-ọ̀nà. Irú ìmọ̀lára bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ní Little Rock. Adágún omi wà níwájú ilé náà tí àwòjìji rẹ̀ ń hàn nínú rẹ̀. Lẹ́yìn adágún ni àtẹ̀gùn ti gòkè ní apá méjì, ọ̀tún àti òsì, tí méjèèjì sì pàdé lókè níwájú ilẹ̀kùn ńlá. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè sáré yọ́ wọlé gba ibẹ̀. Gbogbo ìlú ni yóò rí i.

Àwọn ère mẹ́rin náà wà lókè ilẹ̀kùn yìí, wọ́n gbẹ́ wọn ní ìrí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́, orúkọ tí wọ́n fún wọn sì ni Ìlépa, Ìwà, Àǹfààní àti Ìmúrasílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo túmọ̀ sí Ìwà fẹ̀ díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní èdè wọn, ohun tó mú ẹnì kan yàtọ̀ sí ẹlòmíràn ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ní èdè tiwa n kò rí ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn jù ú lọ. Mo fẹ́ kí o rántí èkẹta, Àǹfààní, nígbà tí o bá ń ka ìdáhùn tó tẹ̀ lé e yìí.

Ìbéèrè kẹta: Olóòtú, ẹ kú làálàá. Oníṣòwò aṣọ ni mí, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin. Ọmọ mi sọ fún mi pé ṣọ́jà ni wọ́n fi sin àwọn ọmọ mẹ́sàn-án kan wọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn nítorí pé wọ́n jẹ́ aláwọ̀ dúdú. N kò gbà á gbọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ló dé tí wọn kò kàn mú wọn gba ẹ̀yìn wọlé kí àlàáfíà lè wà? (Láti Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ìyá wa, bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Mo sì dúpẹ́ pé ẹ béèrè nípa ọ̀nà ẹ̀yìn, nítorí pé wọ́n dán an wò, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn yín wà.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí ilé náà ní 1927, ọmọ aláwọ̀ funfun nìkan ló ń kàwé níbẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù Karùn-ún, ọdún 1954, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà dájọ́ pé kò bófin mu mọ́ láti ya ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sọ́tọ̀ ní ìbámu pẹ̀lú àwọ̀ ara. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Little Rock ní àwọn yóò tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀, wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní Central ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957. Ọmọ aláwọ̀ dúdú mẹ́sàn-án ló kù nínú àwọn tí wọ́n yàn. Ẹ jẹ́ kí n dárúkọ wọn: Ernest Green, Elizabeth Eckford, Jefferson Thomas, Terrence Roberts, Carlotta Walls, Minnijean Brown, Gloria Ray, Thelma Mothershed àti Melba Pattillo. Ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lọ láti bá pàdé ní akẹ́kọ̀ọ́ tó sún mọ́ 2,000.

Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀ kó wọlé, Gómìnà Orval Faubus kó àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní National Guard, yí ilé náà ká. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, Daisy Bates, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú NAACP ní ìpínlẹ̀ náà, ṣètò pé kí àwọn ọmọ náà pàdé, kí wọ́n sì lọ pọ̀. Ilé Elizabeth Eckford kò ní tẹlifóònù, nítorí náà ìròyìn náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Ó wọ aṣọ funfun tí wọ́n rán nílé fún ọjọ́ náà, ó wọ bọ́ọ̀sì, ó sì bọ́ọ́lẹ̀ nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ ní òun nìkan.

Ìyá wa, ẹ rántí ohun tí mo sọ fún bàbá wa ní Abẹ́òkúta nípa gígùn ilé náà. Ọ̀wọ́ ilé méjì! Ẹwà tí àwọn ayàwòrán-ilé fi gígùn yẹn ṣe ni ọmọbìnrin yẹn ní láti fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ó dé igun kìíní, àwọn ọmọ ogun kò jẹ́ kó kọjá. Ó rò pé bóyá ẹnu-ọ̀nà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà níwájú, nítorí ó rí àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun tí wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ó tún gbìyànjú, wọ́n tún fi ìbọn dí i lọ́nà. Àwọn èrò sì ti ń pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń bú u, àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n so ó kọ́. Kò sáré. Ó rìn dé òpin ilé náà lọ́hùn-ún, ó jókòó sórí ìjókòó gbọọrọ tó wà ní ibùdókọ̀, títí tí Grace Lorch, obìnrin aláwọ̀ funfun kan, fi dá sí i tó sì bá a wọ bọ́ọ̀sì. Àwọn ère mẹ́rin wà lókè ilẹ̀kùn ní gbogbo àkókò yẹn, Àǹfààní sì wà nínú wọn. N kò lè wo àwòrán náà mọ́ láìrántí ìyẹn.

Ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí Gómìnà mú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ọlọ́pàá ìlú mú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án wọlé gba ẹnu-ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe béèrè, ìyá wa. Nígbà tí àwọn èrò tó wà níwájú, tí wọ́n tó nǹkan bí 1,000, gbọ́ pé wọ́n ti wọlé, wọ́n fẹ́ já wọ inú ilé náà, wọ́n ti kọ́kọ́ lu àwọn akọ̀ròyìn aláwọ̀ dúdú tó wà níbẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti ní láti kó àwọn ọmọ náà jáde ní kọ̀rọ̀ nítorí ẹ̀mí wọn. Ọ̀nà ẹ̀yìn kò mú àlàáfíà wá rárá. Ó kàn sọ fún àwọn èrò pé àwọn aláṣẹ fúnra wọn gbà pé ó yẹ kí wọ́n fi àwọn ọmọ náà pamọ́.

Ní ọjọ́ kejì ni Ààrẹ Dwight Eisenhower rán ikọ̀ ọmọ ogun 101st Airborne, nǹkan bí 1,200 ṣọ́jà, lọ sí Little Rock, ó sì gba àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ kúrò lábẹ́ àṣẹ Gómìnà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 25, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1957, ọkọ̀ ológun gbé àwọn ọmọ mẹ́sàn-án náà dé ojú títì níwájú ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ṣọ́jà yí wọn ká. Wọ́n gun àtẹ̀gùn ńlá yẹn ní ojú gbogbo ayé, wọ́n sì gba ilẹ̀kùn iwájú wọlé. Àtẹ̀gùn tí wọ́n kọ́ ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè mọ̀ pé ìlú ka òun sí, ọjọ́ yẹn ló tó ṣe iṣẹ́ náà fún wọn.

Wíwọlé kì í ṣe òpin ìyà wọn. Títì, títutọ́ síni lára àti èébú ló kún gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn wọ̀nyẹn jálẹ̀ ọdún. Wọ́n lé Minnijean Brown kúrò ní oṣù Kejì ọdún 1958. Ní ọjọ́ 27, oṣù Karùn-ún, ọdún 1958, Ernest Green gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní pápá ìṣeré tó wà lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ náà, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jáde níbẹ̀, Martin Luther King sì wà lára àwọn tó wá wò ó. Ní ọdún ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e, 1958 sí 1959, Gómìnà ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà pa pátápátá, àti ti aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú, ó sàn lójú rẹ̀ kí ilé tó gba 3,000 ọmọ ṣófo ju kí àwọn mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀ lọ. Oṣù Kẹjọ ọdún 1959 ni wọ́n tó ṣí i padà. Jefferson Thomas àti Carlotta Walls padà wá, wọ́n sì jáde níbẹ̀ ní 1960.

Ìbéèrè kẹrin: Ẹ ǹlẹ́ o. Níbo ni àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ń lọ kí ọdún 1957 tó dé? Ṣé wọn kò ní ilé-ẹ̀kọ́ ni? (Láti Èkó)

Ìdáhùn: Wọ́n ní. Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ilé ńlá yẹn, ní 1929, ni wọ́n ṣí Dunbar High School fún wọn, tí wọ́n fi orúkọ akéwì aláwọ̀ dúdú náà, Paul Laurence Dunbar, pè. Wittenberg àti Delony, méjì nínú àwọn márùn-ún tí mo dárúkọ lókè, ló yàwòrán rẹ̀, ẹni tó bá sì fi àwòrán ilé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn yóò rí i pé ọmọ ìyá ni wọ́n: bíríkì ni, òpó tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà ló ń fa ojú lọ sókè. Ṣùgbọ́n 400,000 dọ́là ni gbogbo owó rẹ̀, ìyẹn kò tó ìdá mẹ́ta owó ti Central, kò sì jẹ́ pé ìlú ló san gbogbo rẹ̀. Àjọ Rosenwald Fund, tí Julius Rosenwald, olówó tó ni ọwọ́ nínú ilé-iṣẹ́ Sears, Roebuck, dá sílẹ̀, ṣe ìrànwọ́ nínú rẹ̀. Àwọn ìwé tí àwọn ọmọ Central ti lò gbó ni wọ́n ń kó ránṣẹ́ sí Dunbar.

Bẹ́ẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tó ní iyì ni. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ mọ̀wé, àwọn òbí láti ìlú mìíràn ń rán ọmọ wá síbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọdún méjì nínú ilé kan náà. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn kan máa ń sọ ìtàn Central bí ẹni pé inú òkùnkùn ni àwọn ọmọ mẹ́sàn-án náà ti jáde wá. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n, ọwọ́ àwọn olùkọ́ aláwọ̀ dúdú ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. Owó tí ìlú kọ̀ láti ná lé wọn lórí ni wọ́n ń lọ gbà ní Central, kì í ṣe làákàyè. Ilé Dunbar ṣì dúró, àwọn ọmọ ṣì ń kàwé nínú rẹ̀, ó sì dùn mí pé àwọn àlejò tó ń wo Central kì í sábà yà síbẹ̀.

Ìbéèrè karùn-ún: Olóòtú wa, Dallas ni èmi àti ẹbí mi ń gbé, bíi wákàtí márùn-ún ni ìrìn ọkọ̀ láti ibí sí Little Rock. A fẹ́ mú àwọn ọmọ wa méjì lọ síbẹ̀. Ṣé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti dà ni, ṣé a sì lè wọ inú rẹ̀? (Láti Texas)

Ìdáhùn: Kò di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ̀yin ará wa, èyí sì ni mo fẹ́ràn jùlọ nípa rẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi mánigbàgbé ní 1977, wọ́n gbé e sí ipò tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 1982, nígbà tó sì di ọjọ́ 6, oṣù Kọkànlá, ọdún 1998, Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí òfin tó sọ ibẹ̀ di ibi ìtàn ti orílẹ̀-èdè lábẹ́ àjọ National Park Service, tó ń bójú tó irú ibi bẹ́ẹ̀ fún ìjọba àpapọ̀. Àwọn kan ìbá ti kó àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n fi okùn gba iwájú yàrá, kí wọ́n máa gba owó ìwọlé. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Agogo ṣì ń lù níbẹ̀, ọmọ ṣì ń jókòó sí yàrá tí oòrùn ń wọ̀, àwọn aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun sì ń gun àtẹ̀gùn kan náà ní òwúrọ̀. Bí wọ́n bá mú àwọn ọmọ kúrò, ògiri nìkan ni wọn ìbá dá sí.

Nítorí pé ilé-ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni, ẹ kò lè dédé wọ inú rẹ̀. Ẹ kàn sí àjọ tí mo dárúkọ yẹn ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò yín, kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn lè ṣètò ẹni tí yóò mú yín yí ká ní àkókò tí ilé-ẹ̀kọ́ gbà. Ilé tí wọ́n fi ń gba àwọn tó wá wo ibẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 2007, wà ní igun títì tó kọjú sí i. Ẹ kọ́kọ́ yà síbẹ̀ kí àwọn ọmọ gbọ́ ohùn àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Nítòsí ibẹ̀ ni ilé epo kékeré kan wà tí wọ́n tún ṣe padà sí bó ti rí ní 1957, nítorí pé tẹlifóònù rẹ̀ ni àwọn akọ̀ròyìn ń sáré lọ lò láti fi ìròyìn ránṣẹ́. Títì tó kọjá níbẹ̀ ń jẹ́ orúkọ Daisy Bates báyìí.

Lẹ́yìn náà, ẹ má tíì wọ ọkọ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ yín dúró ní igun títì ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ sì bá wọn fi ẹsẹ̀ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn mọ bó ti gùn tó. Ìjókòó kan wà lọ́hùn-ún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Central ti òde òní ṣètò rẹ̀ ní 2018 ní ìrántí ibi tí Elizabeth Eckford jókòó sí ní ọjọ́ náà. Ẹ jókòó sórí rẹ̀ pẹ̀lú wọn.